Ológbò Inú Ilé àti Aràn Tí Ó Rí Bí Ìrẹsì

 

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹni tí ó bá ń gbé Diobu ní ìlú Port Harcourt mọ̀ pé èkúté kì í ṣe àlejò níbẹ̀. Ilé fara kan ilé, gọ́tà wà lẹ́nu ọ̀nà, òjò kì í sì í fẹ́ dá. Oògùn èkúté tí wọ́n ń kiri lọ́jà ń bà mí lẹ́rù nítorí àwọn ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni ibà Lassa, tí a kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ọdún 1969 ní ìlú Lassa lókè Ọya, kò jẹ́ kí ènìyàn fi ojú kékeré wo ìtọ̀ èkúté nínú oúnjẹ. Ìdí nìyí tí ọkọ mi fi gba ọmọ ológbò kan wálé. Àwọn ọmọ sọ ọ́ ní Músù. Kò pẹ́ tí èkúté fi kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní ilé ìdáná wa.

Nígbà ọdún Iléyá ọdún 2023, ìyá ọkọ mi wá bá wa ṣe ọdún láti Ògbómọ̀ṣọ́. Màmá kò fẹ́ràn ológbò. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn àgbà máa ń sọ nípa ẹran yìí ní òru. Èmi kò ní tún un sọ níhìn-ín. Ní ọjọ́ kejì ọdún, bí wọ́n ti fẹ́ kí ìrun wáláhà, wọ́n rí ohun funfun mẹ́ta lórí ẹní ìrun wọn, níbi tí Músù sùn sí mọ́jú. Wọ́n rò pé ìrẹsì àná ni. Àfi bí ọ̀kan ti nà gbọọrọ, tí ó tún súnkì.

“Ìyàwó, ẹ wá wo ìrẹsì tí ń rìn o!”

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, Màmá ti dá ẹjọ́ náà tán. Wọ́n ní kí ọkọ mi di ológbò sínú àpò, kí ó lọ jù ú sí ọjà Mile 3. Àbígbẹ̀yìn wa gbé Músù mọ́ àyà, ó sì kọ̀ láti jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọkọ mi dúró sí àárín ìyá rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀, kò lè fọhùn. Ẹni tí ó bá ti wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé ó nira ju kí á ra àgbò lọ.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí Màmá bi mí ni pé, “Àwọn ìrun tí mo ti kí lórí ẹní yìí láti àná ńkọ́?” Ìmọ̀ ẹ̀sìn ni mo kà ní yunifásítì, òun ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́, nítorí náà mo dá wọn lóhùn. Ara ológbò àti itọ́ ẹnu rẹ̀ kì í ṣe nàjísì. Kabshah, ọmọ Ka‘b ọmọ Mālik, ni ó gba hádíìsì náà wá, ó sì wà nínú Muwaṭṭa’ ti Imāmu Mālik àti nínú ìwé Abū Dāwūd: Abū Qatādah tẹ ìkòkò omi àlùwàlá rẹ̀ sílẹ̀ fún ológbò kí ó lè mu, ó sì sọ fún obìnrin náà tí ẹnu ń yà pé Ànábì (S.A.W.) ní ológbò kò léèérí, ó wà lára àwọn tí ń rìn káàkiri láàárín wa. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ìfun ni aràn ti jáde, nítorí náà a ó kó o kúrò, a ó sì fi omi fọ ojú ibẹ̀. Ní ti ìrun àná, Ànábì fúnra rẹ̀ ti bọ́ bàtà lórí ìrun rí, nígbà tí Malāika Jibrīl fi tó o létí pé ẹ̀gbin wà lára rẹ̀, kò sì tún ìrun náà bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀, ìrun rẹ̀ kò bàjẹ́.

Mo tún rán wọn létí obìnrin tí ó wọ iná nítorí ológbò tí ó dè mọ́lẹ̀ tí kò fún ní oúnjẹ. Màmá ní àwọn kò dè é, ọjà ni àwọn ní kí á jù ú sí, oúnjẹ sì pọ̀ lọ́jà. Mo rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ kan.

Dókítà ẹranko tí a gbé Músù lọ bá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wádìí púpọ̀. Ó ní ohun tí a rí kì í ṣe odindi aràn, oríkèé ara rẹ̀ tí ó já ni. Aràn náà gan-an wà nínú ìfun, ó pẹlẹbẹ, ó sì gùn bíi téèpù tí àwọn aránṣọ fi ń wọn ara. Orí rẹ̀ di ìfun mú, oríkèé ẹ̀yìn rẹ̀ tí ẹyin ti kún inú rẹ̀ a máa já bọ́ sí ìdí ológbò. Bí ó bá gbẹ, a dàbí yànmọ̀tí. Ológbò tí ó ní in lè máa jẹun, kí ó máa ṣeré, kí ara rẹ̀ sì máa dán.

Ọ̀nà méjì ni ó sábà máa ń gbà wọlé sí wọn lára. Èkíní ni kòkòrò kékeré tí ń fò nínú irun wọn, tí ń mu ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe eégbọn. Eégbọn kì í fò. Ìdin kòkòrò yìí ni ó ń jẹ ẹyin aràn nílẹ̀, nígbà tí ó bá sì dàgbà tán, ológbò tí ń lá ara rẹ̀ yóò gbé e mì. Èkejì ni èkúté, tí irú aràn mìíràn máa ń sápamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ wá wò ó: iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ gbà á gan-an ni ó ń kó o sí wàhálà!

Oògùn tí ó ń pa á ni praziquantel, tí àwọn ará Jámánì ṣe àwárí rẹ̀ láàárín ọdún 1970 sí 1980. Òun kan náà ni a ń lò fún ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀. Láti ọdún 2007 ni ilé iṣẹ́ Merck ti ń fi ta ilẹ̀ Áfíríkà lọ́rẹ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe bu èyí tí ó jẹ́ ti ènìyàn fún ológbò. Hóró ti ènìyàn jẹ́ mílígíráàmù 600, nígbà tí ológbò tí ó wọn kílò 4 kò nílò ju nǹkan bíi 20 sí 25 lọ. Bákan náà, oògùn aràn tí a ń rà fún àwọn ọmọ ní kẹ́míìsì, bíi Combantrin, kò ran irú aràn yìí rárá.

Lílo oògùn lẹ́ẹ̀kan rọrùn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ àṣedànù ni pé wọn kì í bá kòkòrò inú irun jà. Bí ó bá ṣì wà, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ìrẹsì náà lè tún yọjú. Èyí tí a ń rí lára ológbò kéré sí èyí tí ń bẹ nílé. Ẹyin àti ìdin rẹ̀ wà nínú tìmùtìmù, lábẹ́ ẹní, nínú kápẹ́ẹ̀tì, ooru àti ọ̀rinrin ìlú wa yìí sì bá a lára mu. A fi omi gbígbóná fọ gbogbo aṣọ tí Músù ń sùn lé, a sá ẹní ìrun sí oòrùn, a sì ń gbálẹ̀ lábẹ́ àga lójoojúmọ́ fún oṣù méjì, torí kòkòrò náà lè pẹ́ nínú ìwu rẹ̀ kí ó tó jáde. Dókítà fún wa ní oògùn tí a ń kán sí ẹ̀yìn ọrùn ológbò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi oògùn ti ajá sí i lára, nítorí permethrin tí ó wà nínú òmíràn lè pa ológbò. Ẹ má sì fi kẹrosíìnì, òróró ẹ́ńjìnnì tàbí ọtapiapia pa á lára. Ohunkóhun tí ẹ bá fi pa á, yóò lá a.

Màmá béèrè nípa àwọn ọmọ. Ọmọdé kì í kó o nípa fífi ọwọ́ kan ohun funfun náà. Àfi bí ó bá gbé kòkòrò inú irun náà mì, èyí kò sì wọ́pọ̀. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, dókítà ní oògùn rẹ̀. Aràn tín-ín-tín tí ń yún ọmọdé ní ìdí lóru, tí a máa ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru ológbò, ọ̀dọ̀ ọmọ ènìyàn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ti kó o. Irú kan tí ń gùn gan-an nínú ènìyàn sì lè wá láti inú ẹran màlúù tí kò jinná. Mo sọ èyí sí etí ọkọ mi, ẹni tí ó fẹ́ràn sùúyà tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ bà.

Màmá gbà pé kí Músù dúró, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò gbọdọ̀ wọ yàrá tí àwọn ti ń kírun mọ́. Àṣẹ náà dára, a sì ń pa á mọ́ títí di òní. Nítorí pé kò ní yé pa èkúté, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni a ń fún un ní oògùn. Mo ti kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà. Ìjàkadì ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ohun tí ó ṣiṣẹ́ fún wa ni kí á fi ebi pa á díẹ̀, kí á fi oògùn sínú òkìtì kékeré ẹja títùs tí a ti yọ egungun rẹ̀, kí á kọ́kọ́ fún un ní ẹja lásán, kí á wá fi èyí tí ó ní oògùn tẹ̀ lé e kíákíá. Kí ẹ dúró tì í bíi ìṣẹ́jú márùn-ún, nítorí yóò ṣe bí ẹni pé ó ti gbé e mì, yóò sì lọ tu ú sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Bí ó bá tu ú lẹ́ẹ̀mejì, ẹ gbé e padà lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà.