Ibo Ni Wáyà Máa Kàn Nínú Ọkàn Bàbá?

Bí ẹsẹ̀ àgbàlagbà bá ń wú, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn ìṣísẹ̀ mélòó kan, tí kò sì lè sùn àfi kó fi ìrọ̀rí mẹ́ta gbé orí sókè, àwọn ará ilé á ní ó ti rẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ tí dókítà bá wá sọ pé ọkàn ni, tó sì mẹ́nu kan ẹ̀rọ, àyà gbogbo ilé á já. Ṣé wáyà ni wọ́n fẹ́ kì bọ ọkàn Bàbá?

Iná ló ń darí lílù ọkàn. Ó ń bẹ̀rẹ̀ láti apá òkè lọ́wọ́ ọ̀tún, ó sì ń gba ọ̀nà tóóró kan lọ sí yàrá méjì ìsàlẹ̀. Lọ́dún 1906, Sunao Tawara, ọmọ ilẹ̀ Japan tó lọ ṣèwádìí ní Jámánì, ṣàlàyé ọ̀nà yìí látòkè délẹ̀, àti bó ṣe pín sí ẹ̀ka ọ̀tún àti ẹ̀ka òsì. Bí ẹ̀ka òsì bá dí, iná náà á máa rá pálá gba inú ẹran ọkàn kọjá. Apá ọ̀tún á ti fún pọ̀ kí tòsì tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá ti fọ bùláńkẹ́ẹ̀tì rí á mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹni méjì ló máa ń dì í mú níkàngun méjèèjì láti fún un. Bí wọ́n bá jọ lọ́ ọ, omi á dà ṣàà. Bí ọ̀kan bá ń lọ́ ọ, tí èkejì ò tíì ṣe tán, omi kàn ń ti ibì kan lọ síbòmíì nínú aṣọ ni. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń ṣe nínú irú ọkàn yìí. Oògùn ń ràn án lọ́wọ́, àmọ́ kì í sábà tún ọ̀nà tó dí ṣe.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní pacemaker ti wúlò. Abẹ́ awọ àyà ni wọ́n ń fi í sí, wáyà rẹ̀ á sì gba inú òpójẹ̀ wọ ọkàn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi wáyà sí apá ọ̀tún fún ọkàn tó ń lù jẹ́jẹ́ jù, ó sì ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn là. Ṣùgbọ́n apá òsì ṣì ń gbẹ̀yìn. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2002 ní Amẹ́ríkà fi hàn pé tí ọkàn kò bá lágbára tẹ́lẹ̀, tí ẹ̀rọ sì ń lu apá ọ̀tún rẹ̀ léraléra, ó lè dá kún àìsàn náà.

Ọ̀nà kejì ni pé kí wáyà wà lápá méjèèjì. Ọ̀kan á wà lọ́tùn-ún, èkejì á gba òpójẹ̀ tó wà lẹ́yìn ọkàn lọ sósì, kí wọ́n lè jọ fún pọ̀. Lọ́dún 2005, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Yúróòpù lórí aláìsàn 813 fi hàn pé ó ń gba ẹ̀mí là. Láàárín nǹkan bí ọdún méjì àtààbọ̀, nínú 100 tó ń lo oògùn nìkan, 30 kú. Nínú 100 tó ń lo oògùn pẹ̀lú ẹ̀rọ, 20 kú. Síbẹ̀, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta tó gba ẹ̀rọ yìí kì í rí ìyàtọ̀ tó ṣe gúnmọ́. Nígbà míì sì rèé, òpójẹ̀ ẹ̀yìn ọkàn kì í gba wáyà.

Ọ̀nà kẹta ni pé kí wáyà wá ojú ọ̀nà tí Tawara ṣàlàyé. Lọ́dún 2017, Weijian Huang àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Wenzhou, lórílẹ̀-èdè Ṣáínà, ròyìn bí wọ́n ṣe yí wáyà wọnú ògiri tó pààlà sáàárín yàrá méjèèjì, kọjá ibi tó dí, títí tó fi kan ẹ̀ka òsì fúnra rẹ̀. Iná náà wá ń gba ojú ọ̀nà tirẹ̀. Lọ́dún 2022, ìwádìí kan fi ọ̀nà yìí wé ọ̀nà kejì, agbára tí ọkàn fi ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde sì pọ̀ sí i jù lọ́dọ̀ àwọn tó gba ọ̀nà tuntun. Nígbà míì, wáyà tó ń gbà kì í pọ̀, ó sì lè dín owó kù. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún ìdílé tó ń fi owó ara ẹ̀ tọ́jú aláìsàn.

Àmọ́ èèyàn 40 péré ló wà nínú ìwádìí yẹn, oṣù mẹ́fà ni wọ́n sì fi ṣàyẹ̀wò wọn. Ìyẹn tó láti fi hàn pé ọkàn ń fún pọ̀ dáadáa. Kò tó láti sọ ọ̀nà tó ń mú kéèyàn pẹ́ láyé jù. Ìrètí ńlá wà nínú ọ̀nà kẹta, ṣùgbọ́n ọ̀nà kejì ni ẹ̀rí rẹ̀ ti pẹ́ jù.

Kì í sì í ṣe gbogbo ọkàn tí kò lágbára ló nílò wáyà. Àyẹ̀wò ECG ló ń fi hàn bí iná ṣe ń pẹ́ tó lọ́nà. Bó bá yẹ bó ṣe yẹ, kì í ju ìdá 12 nínú 100 ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn tí tiwọn tó ìdá 15, tí ẹ̀ka òsì wọn sì dí, ló sábà ń jàǹfààní jù. Lọ́dún 2013, wọ́n dá ìwádìí kan dúró lórí àwọn tí iná wọn kì í pẹ́: ọ̀nà kejì kò ṣe wọ́n láǹfààní, ikú sì pọ̀ sí i láàárín wọn.

Torí náà, “Èló ni ẹ̀rọ náà?” nìkan kọ́ ló yẹ káwọn ọmọ béèrè. Kí ni ECG Bàbá sọ? Ibo gan-an ni wáyà máa kàn? Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti ṣe irú ẹ̀ níbí? Bí wáyà ò bá débẹ̀, kí lẹ máa ṣe? Dókítà tó mọṣẹ́ ò ní bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá sì fi ẹ̀rọ sí i, kí Bàbá má ṣe pa oògùn tì. Àwọn tó yè nínú ìwádìí ọdún 2005 yẹn ò fi ẹ̀rọ rọ́pò oògùn. Ńṣe ni wọ́n ń lo méjèèjì pọ̀.