Ta Ló Ni Máàkì Yìí?

Ní Under G, lẹ́bàá yunifásítì LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí wọ́n bá ní ọmọ kan wà ní 4.2 nínú 5, ìbéèrè tó máa ń tẹ̀lé e ni pé, "Department wo?" Bí wọ́n bá dárúkọ ẹ̀ka tó le, orí á mì. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnìkan á ní, "Àwọn yẹn kẹ̀? Ṣebí bí òjò ni máàkì ń rọ̀ níbẹ̀!" Ìṣirò ìpele-ìpele ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ọmọ ni ìpele kìíní, ẹ̀ka tó jókòó sí ni ìkejì. Iye tó jẹ́ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kọ̀ǹpútà ń wá.

*

"Ọmọ ẹgbẹ̀rún kan ni mo yẹ̀ wò, sà." Ẹni tó ń kọ pírójẹ́ẹ̀tì ló ń yangàn bẹ́ẹ̀. Mo bi í pé ẹ̀ka mélòó? Mẹ́wàá, ọgọ́rùn-ún ọmọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ wá dé. Àwọn tó jọ wà ní kíláàsì kan kì í ṣe àjèjì síra wọn. Olùkọ́ kan náà ló kọ́ wọn, ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ kan náà ni wọ́n jọ dà kọ, ọjọ́ tí iná lọ, gbogbo wọn ló wà lókùnkùn. Bí ó bá jẹ́ pé ìdá márùn-ún péré nínú ọgọ́rùn-ún ìyàtọ̀ máàkì ló ti ọwọ́ ẹ̀ka wá, ẹgbẹ̀rún ọmọ yẹn kò níye lórí ju àjèjì 168 lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣírò rẹ̀, torí èmi náà kò fẹ́ gbà á.

*

Irú àṣìṣe yìí ti ṣẹlẹ̀ sí àgbà rí. Ní 1976, Neville Bennett, olùwádìí kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kéde pé àwọn ọmọ tí wọ́n fi ọ̀nà àtijọ́ kọ́ ń ṣe dáadáa ju àwọn ti ọ̀nà ìgbàlódé lọ. Ariwo ta. Ní 1981, Murray Aitkin àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún iṣẹ́ náà ṣírò, wọ́n ka kíláàsì mọ́ ọn, ìyàtọ̀ náà kò sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́.

*

Ìṣirò ìpele-ìpele máa ń fura sí ẹgbẹ́ kékeré. Bí ẹ̀ka kan bá ní ọmọ mẹ́rin, tí mẹ́ta gba máàkì gíga, yóò fa ẹ̀ka náà padà sọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ èrò, nítorí ẹ̀rí ẹni mẹ́rin kò tó. Ó bọ́gbọ́n mu: máńgòrò kan ṣoṣo kọ́ la fi ń dá igi lẹ́bi.

Ṣùgbọ́n mo ronú kan Ọ̀yọ́, níbi tí ìjọba àpapọ̀ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní 1977 fún ẹ̀kọ́ àwọn abirùn. Ká ní níbì kan, ọmọ mẹ́rin inú kíláàsì kékeré ló jẹ́ afọ́jú, tí wọ́n sì fìdí rẹmi torí pé ìwé Braille kò tètè dé. Ìṣirò náà á fà wọ́n sáàárín, ìṣòro wọn á sì pòórá. Níbẹ̀ yẹn, èmi ò ní jókòó ti kọ̀ǹpútà, màá lọ bi wọ́n léèrè.

*

Ọmọ tó gba NCE l'Ọ́yọ̀ọ́, tó fi Direct Entry wọlé sí 200 level ní Ògbómọ̀ṣọ́, inú agbọ̀n méjì, ìyẹn ilé ìwé méjì, ló wà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ pírójẹ́ẹ̀tì kì í ka agbọ̀n àkọ́kọ́.

*

Sẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àwọn tó jọ wọlé lọ́dún kan náà, agbọ̀n ni òun náà. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló dá LAUTECH sílẹ̀ ní 1990. Wọ́n dá Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991, yunifásítì sì di ti ìpínlẹ̀ méjì. Ní oṣù kọkànlá 2020, Ọ̀ṣun jọ̀wọ́ tirẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni Kòrónà ti ilé ìwé. Ẹni tó wọlé ní 2015 àti ẹni tó wọlé ní 2021, orúkọ ilé ìwé wọn bára mu lóòótọ́, àmọ́ ohun tí wọ́n là kọjá kò bára mu rárá.

*

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ há ìwé ìbéèrè fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní sáà yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ fi ààyè sílẹ̀ fún ẹ̀ka, sẹ́ẹ̀tì àti ilé ìwé tí wọ́n ti wá. Bí ẹ kò bá béèrè rẹ̀ lónìí, kò sí kọ̀ǹpútà tó lè bá yín rí i lọ́la.