Ẹlẹ́rìí Inú Òkúta

Ẹni tó bá gba Òpópónà Ọba Akran kọjá n'Íkẹjà, tàbí tó yà sí ọ̀nà Agége, yóò gbọ́ ariwo òkúta róbótó tí wọ́n fi ń lọ irin. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ ìròyìn ilé-iṣẹ́ lágbègbè náà kí n tó fi iṣẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀. N kì í gbọ́ ariwo yẹn kí n má rántí Loring Coes.

Onímọ̀ kẹ́mísírì ni Coes, ọmọ Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ Norton, tó ń ṣe irú òkúta ìlọrin bẹ́ẹ̀, ló ń bá ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1953, ó kéde pé òun ti fi ooru àti ìfúnpọ̀ ńláńlá sọ èròjà inú iyanrìn di òkúta mìíràn tó ki ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́: coesite. Yàtọ̀ sí ibi tí òkúta ojú ọ̀run bá ti já lulẹ̀, nǹkan bí 90 kìlómítà lábẹ́ ilẹ̀ ni ìfúnpọ̀ ti ń tó èyí tó lè bí i.

Lọ́dún 1984, Christian Chopin, ọmọ Faransé, rí i nínú òkúta orí òkè Alps ní Ítálì. Ó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu pé ilẹ̀ lè rì tó bẹ́ẹ̀ kó tún padà wá sókè. Garnet, òkúta pupa líle, ló pa ẹ̀rí náà mọ́. Bí kò bá sí ohun tó há coesite mọ́ra, bó ṣe ń gòkè bọ̀ ni yóò wú, tí yóò di quartz lásán. Kódà níbi tó bá ti wú, garnet a sán yí i ká, àpá yẹn náà a sì jẹ́rìí.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Lọ́dún 1994, Renaud Caby kéde coesite láti Gourma ní Mali. Lọ́dún 2014, Carlos Ganade àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ òkúta Mali, Togo àti Brazil wò. Wọ́n ní ilẹ̀ rì níbẹ̀ ní nǹkan bí 610 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, lórí ìlà tó gùn tó 2,500 kìlómítà, àwọn òkè bíi Himalaya sì yọ. Togo kan náà ni, níbi tí àwọn Ifẹ̀, ìbátan wa, ń gbé ní Atakpamé.

Yàrá àyẹ̀wò ilé-iṣẹ́ òkúta ìlọrin ni ìmọ̀ yìí ti ṣẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ilé-iṣẹ́ bá kógbá sílé, iye ènìyàn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn nìkan là ń kà. Ó tọ́ kí a kà á. Ṣùgbọ́n mo ti rí yàrá àyẹ̀wò tí wọ́n sọ di ilé ìkẹ́rùsí. Mo sì ti bá onímọ̀ kẹ́mísírì kan sọ̀rọ̀ tó ń ta sìmẹ́ńtì l'Ágége. Ta ló mọ ohun tí ìbá ti ṣàwárí?

Ìfúnpọ̀ kò wọ́n wa l'Ékòó. Ohun tó wọ́n wa ni ibi tí ìmọ̀ yóò fara pamọ́ sí tí kò fi ní ṣòfò. Nítorí náà, bí ìjọba bá fẹ́ dín owó orí kù fún ilé-iṣẹ́, kí ó kọ́kọ́ béèrè pé: yàrá àyẹ̀wò yín dà, ta ló sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀?