Ta Ló Lu Ihò Yìí?

Ọkọ̀ ojú omi tí mò ń tún ṣe kò ní orúkọ lára, kò ní nọ́ńbà, kò sì ní ìwé. Ohun tí àwọn ará ilé wa mọ̀ nípa rẹ̀ kò pọ̀: Ayétòrò, ìlú etí òkun, ni wọ́n ti kàn án, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó bí mi. Àbúrò bàbá mi ló fi ń kó edé àti ṣawá gbígbẹ láti etí òkun wá sí ọjà Igbókòdá. Nígbà tí agbára rẹ̀ kò gbé e mọ́, ó fà á gun orí ẹrẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó fi tapólì bò ó, ó sì fi í sílẹ̀ fún òjò àti oòrùn. Àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ là á fún àwọn obìnrin tó ń yan ẹja. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé e fún mi. Pákó ìrókò àti òpepe ni. Irú igi bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ lọ́jà mọ́, owó rẹ̀ kò sì ṣeé gbọ́ sétí.

Ẹni tó bá ti tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe rí, ìbáà jẹ́ ti ojú omi tàbí ti orí ilẹ̀, yóò mọ̀ pé ibi tó jẹrà kọ́ ló ń fa ẹ̀fọ́rí. Ibi tó bá jẹrà, ẹ ó gé e kúrò, ẹ ó fi pákó tuntun sí i, ẹ ó ki òwú bọ ojú ìpàdé rẹ̀, ẹ ó fi kóòtá kùn ún, ó parí. Ibi tí kò jẹrà, tí kò jò, ṣùgbọ́n tí ẹnì kan ti fi ayùn tàbí ìlu ṣe nǹkan sí lára, tí ẹ kò sì rí ìdí tó fi ṣe é, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń dúró. Mo máa ń jókòó sínú ọkọ̀ náà, n ó gbé òòlù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, n ó máa wo ihò kan ṣoṣo títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Díẹ̀ nínú wọn kò le. Nígbà tí a ha kóòtá àtijọ́ kúrò nísàlẹ̀, a rí i pé gbogbo igi ìhà tó di pákó ìsàlẹ̀ mú ni wọ́n ti gé ibi kékeré kan lára wọn, ní àárín gbùngbùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká dí i. Ó ń dín agbára igi kù." Bàbá arúgbó kan tó ti kan ọkọ̀ jẹun rí wá kí wa lọ́jọ́ náà. Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ojú ọ̀nà omi ni. Omi tó bá ta wọlé láti iwájú gbọ́dọ̀ rí ibi gbà dé ìdí ọkọ̀, lọ́dọ̀ ẹni tó ń gbọ́n ọn dànù. Bí ẹ bá dí i, omi yóò dúró sáàárín ìhà kan àti èkejì, yóò sì máa jẹ ọkọ̀ láti inú wá.

Ìdí ọkọ̀ náà ní ọ̀ràn tirẹ̀. Pákó tí wọ́n ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ jẹ́ ìrókò láti ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi igi mìíràn tó pupa lé e lórí. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ṣẹ́ ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Ojú ìpàdé náà mọ́ jù fún èyí. Igi tó ṣẹ́ kì í ṣẹ́ ní títọ́ bẹ́ẹ̀. Mo fi téèpù wọn igi pupa náà, íńṣì márùn-ún géérégé ni. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé oríṣi ẹsẹ̀ méjì ló wọ́pọ̀ jù lára ẹ́ńjìnnì tí à ń so mọ́ ìdí ọkọ̀: ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú tó wà fún pákó tó ga tó íńṣì 15, àti ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó wà fún íńṣì 20. Ẹ́ńjìnnì kúkúrú ni wọ́n kọ́kọ́ kan ọkọ̀ yìí fún. Nígbà tí ẹni tó ni ín rí ẹ́ńjìnnì gígùn rà, ó gbé pákó ga sí i kí ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì má baà máa gbá ẹrẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ etí òkun wa mọ ohun tí mò ń sọ: kò sí iyanrìn níbẹ̀ bí ti Èkó, ẹrẹ̀ ni láti ibi kan dé ibi kejì.

Gìrìpá igi onígun mẹ́rin kan tún wà nísàlẹ̀, lápá iwájú, tó ní ihò láàárín, tí kò sì gbé ohunkóhun dúró. Bàbá yẹn náà ló tú u. Ẹsẹ̀ òpó ìgbòkun ni. Ó ní àwọn tó kọ́kọ́ ní ẹ́ńjìnnì kò fi ìgbòkun sílẹ̀ kíákíá, nítorí epo kò pọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́ síbi tí wọ́n ń lọ, wọn yóò pa ẹ́ńjìnnì, wọn yóò ta aṣọ.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Èkó tí ọkọ̀ orí ilẹ̀ ń yọ lẹ́nu bí tèmi ṣe ń yọ mí lẹ́nu. MGB ló ń tún ṣe, ọkọ̀ sáré kékeré tí ènìyàn méjì ń jókòó sí, tí wọ́n ṣe ní ìlú Abingdon ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1962 títí di 1980, tó sì lé ní ìdajì mílíọ̀nù. Nígbà tí wọ́n bó ọ̀dà ara rẹ̀ tán, ọ̀rẹ́ mi rí ihò ńlá kan lára ògiri irin tó pààlà sáàárín ẹ́ńjìnnì àti ibi ìjókòó, ní òdì kejì ibi tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ń wà. Wọ́n fi irin pẹlẹbẹ dé e. Gbogbo panẹ́ẹ̀lì-bítà tó pè wò ó ló sọ ohun kan náà: iṣẹ́ 1972 ni. Èrò tó bọ́gbọ́n mu ni. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní apá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún, ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sì ni sìtíárìn wọn wà lápá ibi tí kò yẹ mọ́. Àwọn kan gé ara mọ́tò wọn láti gbé sìtíárìn kọjá sí òdì kejì.

Kò rí bẹ́ẹ̀ fún ihò yìí. Ara kan ṣoṣo ni ilé iṣẹ́ náà ń lẹ̀ fún àwọn tó ń wakọ̀ lápá òsì àti àwọn tó ń wakọ̀ lápá ọ̀tún, nítorí Amẹ́ríkà ló ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú MGB. Wọ́n á lu ihò sí apá méjèèjì, wọ́n á sì dé èyí tí wọn kò lò. Ihò náà ti wà níbẹ̀ kí mọ́tò ọ̀rẹ́ mi tó rí òkun. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ihò kékeré méjì tún wà tí kò sí nínú àwòrán ilé iṣẹ́, tí kò sí lára MGB mìíràn tó wò. Ìyẹn wà níbẹ̀ títí di òní olónìí, kò sì tíì rí ẹni tó lè sọ ohun tó ń ṣe.

Àwọn mọ́tò Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kún fún irú nǹkan báyìí. Bí ẹ bá yí bọ́nẹ́ẹ̀tì Austin-Healey padà, ẹ ó rí nọ́ńbà kan tí wọ́n lù sínú irin rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Jensen ní West Bromwich ló ń ṣe ara wọn, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń mú ọ̀kọ̀ọ̀kan bára mu. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ti ọkọ̀ kan kò ní jókòó dáadáa sórí èkejì. Jaguar E-type tó jáde ní 1961 tún wà. Lára àwọn bíi 500 àkọ́kọ́, ìta ni ihò kọ́kọ́rọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì méjèèjì wà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé e wọ inú. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè fi irin dí ihò méjèèjì, kí ó kùn ún kí ó máa dán, kí ó sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa owó ńlá run, nítorí àwọn olówó ń wá ọkọ̀ oníhò ìta yẹn kiri ayé.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo ń jowú lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi. Bí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, yóò kọ̀wé sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ tó wà ní Gaydon, yóò san owó, wọn yóò sì ṣí ìwé ilé iṣẹ́ wò: ọjọ́ tí wọ́n ṣe mọ́tò náà tán, àwọ̀ tí wọ́n fi kùn ún, orílẹ̀-èdè tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Ta ni èmi yóò kọ̀wé sí?

Oṣù kìíní ọdún 1947 ni àwọn onígbàgbọ́ kan tí wọ́n ń pe ara wọn ní Àpósítélì Mímọ́ tẹ Ayétòrò dó sórí ẹrẹ̀ etí òkun. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ láìgba owó, wọ́n jọ ń pín èrè. Láàárín ọdún díẹ̀, wọ́n ti ní iná mànàmáná tiwọn, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n ń ṣe bàtà, wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi tí àwọn èrò ń wọ̀. Onímọ̀ ará Kánádà kan, Stanley Barrett, kọ odidi ìwé lórí ìlú náà ní 1977, ó tilẹ̀ fi orúkọ mìíràn pè é nínú ìwé náà kí ó lè bò ó láṣìírí. Òun ni ó kọ ti ìjọba àti ti ìsìn. Ìwé ti àwọn káfíńtà, èyí tí wọ́n fi ń kọ iye pákó àti orúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, n kò rí ẹni tó rí i rí. Bí ó bá sì wà, òkun ti gba púpọ̀ nínú ibi tí wọn ìbá tọ́jú rẹ̀ sí. Ilé, ilé ìwé, ilé iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ni omi ń gbé lọ lójú àwọn ènìyàn, ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba kò sì dá a dúró.

Ìdí nìyí tí àmì kan nínú ọkọ̀ mi fi ń dà mí láàmú ju gbogbo ìyókù lọ. Nínú lọ́hùn-ún, lábẹ́ pákó iwájú, lápá òsì, gígé mẹ́ta wà lára igi, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orí ìṣó idẹ kan nínú. Lábẹ́ wọn, wọ́n yọ igi onígun mẹ́ta kan kúrò lára pákó, wọ́n sì fi ọ̀gànwó rọ́pò rẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ débi pé èékánná kò lè wọ àárín wọn. Igi tí wọ́n yọ kò lè ti jẹrà, nítorí gbogbo ohun tó yí i ká le bí òkúta. Kò sì sí lápá ọ̀tún. Mo ti wò ó, mo ti fi tọ́ọ̀ṣì wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i.

Àgbà kan ní ẹgbẹ́ káfíńtà tó kàn án ló fi sàmì, pé ẹgbẹ́ kẹta ni. Òmíràn ní àmì àdúrà ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa ní ẹni tó kọ́ṣẹ́ ló fi ń dánra wò, kí ọ̀gá rẹ̀ lè mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ti gún. Ohun kan ṣoṣo ló dá mi lójú: kì í ṣe orúkọ ẹni tó ni ín. Ní ìlú tí ohun gbogbo ti jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, títí di òpin àwọn ọdún 1960, kò sí ẹni tí yóò fi orúkọ ara rẹ̀ sára ọkọ̀, kò sì sí káfíńtà tí yóò buwọ́ lu iṣẹ́ rẹ̀. Èrò ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ni mo fara mọ́ jù. Igi ọ̀gànwó yẹn dára ju ohun tó yẹ kí ó wà níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí lọ.

Mo ti wá ní ìlànà kan fún iṣẹ́ mi, kò sì ní ìmọ̀lára nínú. Ihò tó bá wà nísàlẹ̀ ibi tí omi dé, mo dí i, ó ní ìtàn o, kò ní ìtàn o. Ènìyàn ni yóò wọ ọkọ̀ yìí, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í wọ ẹ̀wù omi. Èyí tó bá wà lókè, mo fi í sílẹ̀ títí n ó fi rí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Igi tí mo bá fi dí nǹkan, mo máa ń jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àtijọ́, kí ẹni tó bá tún un ṣe lẹ́yìn mi lè mọ̀ pé ọwọ́ mi ló débẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ Ayétòrò. Mo kọ ọdún náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Fáíbà ni ọkọ̀ tuntun tó pọ̀ jù ní Igbókòdá báyìí. Ó fúyẹ́, ó yá, kì í jẹrà, n kò sì ní purọ́ pé n kì í wọ̀ ọ́. Inú mọ́ọ̀dù ni wọ́n ti ń yọ ọ́, èyí tí wọ́n yọ lónìí kò yàtọ̀ sí ti àná. Ọkọ̀ onípákó kù díẹ̀ kó tán, ààrò ẹja ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní irú rẹ̀ lẹ́yìn ilé, láti Àràròmí dé Àwòyè, kí ẹ tó là á fún iná, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe ẹnì kan nínú àwọn tó kan ọkọ̀ rí. Ẹ jẹ́ kó fi ọwọ́ tọ́ ọ wò, kó sọ ìdí ihò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀yin sì fi fóònù yín gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Wọn kò pọ̀ mọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Bí ẹnikẹ́ni bá sì mọ gígé mẹ́ta tó ní ìṣó idẹ nínú, kí ó wá bá mi ní Igbókòdá. Ọkọ̀ náà ṣì wà lórí ilẹ̀.