Kí ẹ tó fowó ra irinṣẹ́ kéèkì, ẹ gbọ́ ná

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ọ̀rọ̀ kéèkì ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. Kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń po ó, nítorí ọ̀pọ̀ yín ló ti mọ ìyẹn. Ọ̀rọ̀ àwọn irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ ni: èyí tó yẹ kí èèyàn fowó rà, èyí tó yẹ kó fi sílẹ̀ lórí àtẹ, àti èyí tí kò gbọdọ̀ sún mọ́ ẹnu ọmọdé rárá.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé agbára káká ni wọ́n fi ń ṣe ìnáwó nílẹ̀ Ìjẹ̀bú báyìí kí kéèkì má wà níbẹ̀. Ní Ayépé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, tí ọmọ bá pé ọdún kan, kéèkì. Tí wọ́n bá ń ṣègbéyàwó, kéèkì alájà mẹ́ta. Tí bàbá bá pé ọgọ́rin ọdún, kéèkì. Òkú àgbà pàápàá, wọ́n á ní ká ṣe é bíi Bíbélì tàbí bíi fìlà tí olóògbé máa ń dé. Tí Ojúde Ọba bá wá sún mọ́, tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú ń ti Èkó àti òkè òkun bọ̀ wálé, ọwọ́ wa kì í dilẹ̀ rárá. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ òbí fi ń rán ọmọ wọn lọ kọ́ṣẹ́ kéèkì, tí wọ́n sì ń wá owó irinṣẹ́ fún un bó bá gbòmìnira.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan kó àjọ báyìí, ó fẹ́ fi gbogbo owó náà ra irinṣẹ́ fún ọmọ rẹ̀. Ọmọ ti rí àpótí ńlá kan l'Ékòó, ohun tó wà nínú rẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún, gbogbo rẹ̀ sì ń dán gbinrin. Mo ní kó jókòó tì mí, ká jọ wo àwòrán ohun inú àpótí náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó máa sọ èyí tó máa lò láàárín oṣù kan fún mi. Nígbà tí a máa fi kà á tán, kò ju méje lọ. Mo wá sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó ra méje náà, kó jẹ́ ojúlówó, kó sì fi owó tó kù ra ìyẹ̀fun, ẹyin àti bọ́tà, nítorí irinṣẹ́ nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ òwò. Ohun tí mo sọ fún un náà ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Àkọ́kọ́ ni òṣùwọ̀n kékeré tó ń fi gíráàmù hàn. Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló kan òṣùwọ̀n nínú ọ̀ṣọ́ kéèkì. Ó kàn án gan-an. Áísìn tí omi pọ̀ nínú rẹ̀ yóò máa ṣàn wálẹ̀ lára kéèkì, èyí tí ṣúgà pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò sì ní jáde nínú àpò tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń fi kọ́ọ̀pù wọn ṣúgà, kò sí bí iṣẹ́ tòní ṣe fẹ́ dà bíi tàná, nítorí kọ́ọ̀pù tó kún dẹ́múdẹ́mú àti èyí tí wọ́n gbá orí rẹ̀ kì í ṣe ìwọ̀n kan náà.

Ìkejì ni pẹpẹ ayípo, ìyẹn àwo pẹrẹsẹ tí a máa ń gbé kéèkì lé, tí a ó máa yí bí a ṣe ń fi áísìn kùn ún. Onírin tó wúwo ni kí ẹ rà. Oníke fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé kéèkì alájà méjì lé e, ńṣe ni á máa mì. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé e sórí ibi tó tẹ́jú, ẹ gbé nǹkan tó wúwo bí agolo mílíìkì ńlá lé e lórí, kí ẹ wá yí i. Tó bá ń mì tàbí tó ń ké, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀.

Ìkẹta àti ìkẹrin ni ọ̀bẹ pẹlẹbẹ gígùn tí kò mú, èyí tí a fi ń tẹ́ áísìn, àti irin pẹlẹbẹ tí a fi ń há ẹ̀gbẹ́ kéèkì kó lè jọ̀lọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ níbí o. Mo ti rí àwọn tó ń lọ ra irin ìhágiri àti búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta ohun èlò ìkọ́lé, nítorí pé ó dínwó. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn kò ṣe é fún oúnjẹ. Òróró tí wọ́n fi ń pa á kó má baà dógùn-ún kì í ṣe òróró jíjẹ, irun búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà sì máa ń já sínú áísìn. Ẹni tó bá jẹ irun búrọ́ọ̀ṣì nínú kéèkì yín kò ní padà wá.

Ìkarùn-ún ni àwọn ẹnu irin kéékèèké tí gbogbo wa ń pè ní nozzle, èyí tí áísìn ń gbà jáde tó fi ń di òdòdó tàbí lẹ́tà. Ẹ má ra odindi páálí. Márùn-ún ti tó ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀: olójú róbótó kékeré tí wọ́n fi ń kọ̀wé, oníràwọ̀ ńlá, oníràwọ̀ kékeré, èyí tó ń ṣe ewé àti èyí tó ń ṣe òdòdó. Ẹ mú un wò lójú oòrùn. Tí ẹ bá rí ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀, ibẹ̀ ni yóò ti kọ́kọ́ dógùn-ún, ibẹ̀ náà ni áísìn àná yóò máa fara pamọ́ sí. Èyí tí kò lójú ìjópọ̀, tó sì jẹ́ irin tí kì í dógùn-ún, ló dáa jù. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán, ẹ nù ún gbẹ kí ẹ tó tọ́jú rẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ ọ̀dọ̀ wa lómi nínú.

Ìkẹfà ni àpò tí a ń fi tẹ áísìn. Aláṣọ wà, onírọ́bà tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n ń jù nù náà wà. Aláṣọ máa ń mu bọ́tà sára, tí wọn kò bá fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa kí wọ́n sì sá a gbẹ, yóò hu, yóò sì máa rùn. Onírọ́bà ni mo fara mọ́ fún ẹni tó ń tà fún aráàlú, ṣùgbọ́n kó nípọn, nítorí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ máa ń bẹ́ síni lọ́wọ́. Tí kò bá sí, ẹ ká bébà funfun tí wọ́n fi ń tẹ́ abẹ́ páànù kéèkì bíi ẹ̀pà oníkọ́ńdó, kí ẹ gé ṣóńṣó ẹnu rẹ̀. Bébà ìwé ìròyìn kọ́ o! Yíǹkì tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ.

Ìkeje ni abọ́ irin. Áísìn tí wọ́n fi funfun ẹyin pò kì í ru bí ọ̀rá díẹ̀ bá wà nínú abọ́, ike sì máa ń di ọ̀rá mú bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó. Nígbà tí mo dárúkọ funfun ẹyin yìí, ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé ẹyin tútù lè ní kòkòrò Salmonella nínú, tó ń fa inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru. Ó máa ń le ju lára ọmọ kékeré, aboyún àti àgbàlagbà. Funfun ẹyin oníyẹ̀fun tí wọ́n ti fi ooru pa kòkòrò inú rẹ̀ wà ní ọjà, òun ni kí ẹ lò.

Ó tán o. Méje náà nìyẹn. Àwọn ìyá wa tó ṣe irú iṣẹ́ yìí ṣáájú wa kò ní tó bẹ́ẹ̀. Áísìn funfun tó le gbagidi yìí, irú rẹ̀ ni wọ́n fi bo kéèkì Ọbabìnrin Victoria nígbà tó ṣègbéyàwó ní ọdún 1840, ọwọ́ àti ẹnu irin mélòó kan ni wọ́n sì fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ ara rẹ̀ títí di òní.

Ní ti àwọn èyí tí ẹ lè fi sílẹ̀ ná, àwọn nozzle ńlá tí wọ́n ní ó ń ṣe odindi òdòdó ní ìtẹ̀ kan ṣoṣo wà níbẹ̀. Lórí fídíò, ó wuyì. Ṣùgbọ́n áísìn tó le dáadáa ló ń fẹ́, bọ́tà sì máa ń yọ́ tí ooru bá ti tó ìwọ̀n 32 sí 35. Ẹ wo ooru ọ̀sán oṣù kẹta lọ́dọ̀ wa, kí ẹ tún wá fi ooru àtẹ́lẹwọ́ kún un. Òdòdó á ti di omi kí ẹ tó tẹ ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ̀rọ tó ń fọ́n àwọ̀ sára kéèkì náà, ẹ fi sílẹ̀ títí oníbàárà yóò fi pọ̀. Owó rẹ̀ ga, iná mànàmáná ló sì ń lò.

Ibi tí mo ń bọ̀ gan-an nìyí, ibẹ̀ ni kí ẹ̀yin òbí ti fetí sí mi dáadáa. Ó ní àwọn lẹ́búlẹ́bú tó ń kọ mànà bíi wúrà àti fàdákà, tí wọ́n ń bù sára kéèkì. Àwọn kan nínú wọn ṣeé jẹ. Àwọn kan kò ṣeé jẹ rárá, orí àtẹ kan náà ni wọ́n sì wà. Tí ike bá ní àkọlé “edible”, tí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fi ṣe é sára rẹ̀, tó sì ní nọ́ńbà NAFDAC, ìyẹn ṣeé jẹ. Tó bá jẹ́ “non-toxic” nìkan ni wọ́n kọ, ẹ má jẹ́ kó tàn yín. Ohun tí ìyẹn ń sọ kì í ṣe pé oúnjẹ ni. Gèélò tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń lẹ bébà náà lè jẹ́ “non-toxic”. Tí wọ́n bá kọ “for decorative purposes only”, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wíwò ni, kì í ṣe jíjẹ.

Ní ọdún 2021, àjọ CDC ti ìjọba Amẹ́ríkà gbé ìròyìn jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ìpínlẹ̀ Rhode Island lọ́dún 2018, ọmọdé mẹ́fà jẹ kéèkì ọjọ́ ìbí tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ wúrà kùn, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Bàbà, irin tí wọ́n fi ń ṣe wáyà iná, ni wọ́n bá nínú lẹ́búlẹ́bú náà. Ní ìpínlẹ̀ Missouri lọ́dún 2019, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọdún kan wò, wọ́n rí òjé nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tọpa rẹ̀ lọ, lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ yẹ́lò tó wà lára kéèkì ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni. Tí wọ́n bá pín lẹ́búlẹ́bú náà sọ́nà mẹ́rin, ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ òjé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Zamfara lọ́dún 2010, nígbà tí òjé láti ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà pa ọ̀pọ̀ ọmọdé, ẹ mọ ohun tí òjé ń ṣe. Ọpọlọ ọmọ ló máa ń bà jẹ́. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a lè ní kò léwu. Ó sì lè wà lára ọmọ láì jẹ́ pé ẹ rí nǹkan kan lójú.

Yàtọ̀ sí lẹ́búlẹ́bú, ẹ ṣọ́ra fún àwọn ìlẹ̀kẹ̀ ṣúgà líle tó dà bíi fàdákà. Ó lè há ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún lọ́fun, ó sì lè fọ́ eyín àtọwọ́dá àwọn bàbá àti ìyá wa. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ki wáyà òdòdó tàbí igi ìtayín bọ inú kéèkì, nítorí ẹni tó ń jẹun kì í wo inú kó tó gé e jẹ. Òdòdó gidi tí wọ́n já lẹ́bàá ọ̀nà náà kò dára. Àwọn àgbà mọ gegemu, wọ́n mọ̀ pé májèlé ni, síbẹ̀ òdòdó rẹ̀ rẹwà lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, tí ẹ bá fẹ́ ní kí wọ́n bá yín ṣe kéèkì ọmọ, ẹ má béèrè iye owó nìkan. Ẹ béèrè pé, “Kí lẹ fẹ́ fi sí i tó máa dán? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ike rẹ̀ hàn mí.” Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú. Èmi máa ń fi tèmi han oníbàárà kí wọ́n tó béèrè. Tí kò bá rí ike fi hàn yín, ẹ ní kó má fi sí i. Áísìn funfun lásán pẹ̀lú orúkọ ọmọ lórí rẹ̀ ti dùn ún wò tó.

Tí ọmọ bá wá jẹ kéèkì tó ń dán, tó bẹ̀rẹ̀ sí í bì tàbí tí inú ń run ún, ẹ má fún un ní epo pupa. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíá, kí ẹ sì mú ike lẹ́búlẹ́bú náà dání tàbí kéèkì tó kù, kí dókítà lè mọ ohun tó ń wá.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ń ta kéèkì báyìí. Irinṣẹ́ méje yẹn náà ló ṣì ń lò, ó sì ti fi èrè ra páànù mẹ́ta kún un. Kò tíì béèrè àpótí yẹn lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ mọ́. Ó dọ̀sẹ̀ mìíràn o.