Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ Inú Ìkòkò Ìyá Wa

Ní ilé wa ní Ṣábẹ̀ẹ́, ọtí ọkà bàbà kì í ṣe ohun àjèjì. Òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ mọ̀ sí tchakpalo. Ìyá wa pọn ọ́n títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀; owó rẹ̀ ni ó fi rán wa lọ sí ilé ìwé. Nígbà tí ó papò dà, àwa ọmọ rẹ̀ péjọ láti tún ilé ṣe. A gbé ìkòkò ọtí rẹ̀ síta, a fi kànìnkànìn àti eérú fọ̀ ọ́ títí ó fi mọ́ tónítóní. Ohun kan tó funfun bí ẹrẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. A dà á sẹ́yìn ilé. A rò pé à ń bọ̀wọ̀ fún un ni.

Nígbà tí ọdún rẹ̀ ń pé bọ̀, a pinnu pé àwa fúnra wa ni yóò pọn ọtí tí a ó fi ṣe àwọn àlejò. A rẹ ọkà bàbà sínú omi fún ọjọ́ kan, a dà á sínú apẹ̀rẹ̀, a fi ewé bò ó, a sì ń wọ́n omi sí i títí ó fi hù ní ọjọ́ kẹta. A sá a sí oòrùn, a lọ̀ ọ́, a pò ó mọ́ omi. A bu èyí tó tòrò lókè sọ́tọ̀. A se èyí tó silẹ̀ nísàlẹ̀, kí a tó tún pa méjèèjì pọ̀. Ó sùn mọ́jú, ó sì kan díẹ̀. Ní ọjọ́ kejì a sẹ́ ẹ, a sè é láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi yẹ àtàrí.

Ibẹ̀ ni ìmọ̀ wa pin sí. Omi dídùn ni a ní. Kì í ṣe ọtí.

Ìwúkàrà ni ó ń sọ omi dídùn di ọtí: ohun abẹ̀mí kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí, tí ó ń jẹ ṣúgà inú omi náà, tí ó sì ń mú un hó. Ìyá wa kò ra ìwúkàrà rí. Inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí àná ni ó ti ń mú èyí tí yóò fi sí ọtí òní. Ohun funfun tí a dà nù, òun náà ni. Kò sí ẹni tó lè sọ̀rọ̀ nínú wa.

A ra ìwúkàrà àwọn oníbúrẹ́dì lọ́jà. Ọtí náà hó lóòótọ́, ṣùgbọ́n òórùn búrẹ́dì ni ó ń ta síni nímú. Kò sí ẹni tó bu igbá kejì.

Ìyá arúgbó kan ní agbo ilé kejì, tí òun náà ń pọn ọtí, gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ló ní kí ẹ lọ sí ọjà? Ìyá yín ló fún mi ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nígbà tí tèmi bàjẹ́. Kò tíì tán nílé mi.” A dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀, a ní, “Ìyá, ẹ ṣeun, a kò mọ̀ ni.” Ó bù ú fún wa nínú igbá kékeré.

A tún ọkà mìíràn rẹ. Lẹ́yìn tí a sè é tán, a dúró títí a fi lè ti ọwọ́ bọ omi náà láìjó wa, nítorí pé ooru ń pa ìwúkàrà. Ní ìrọ̀lẹ́ a da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà sí i. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìfófòó ti kún ẹnu ìkòkò. A tọ́ ọ wò. Kíkan rẹ̀ kọ́kọ́ mú wa ní ẹ̀gbẹ́ ahọ́n, adùn tẹ̀ lé e. Àgbà inú wa ní kì í ṣe ti ìyá wa, ó kan jù. Àbíkẹ́yìn wa ní òun gan-an ni.

Àríyànjiyàn yìí ni ó rán ọ̀kan nínú wa létí ìtàn bíà kan tí ó kà nílé ìwé. Lẹ́yìn tí wọ́n rí wúrà ní Kalifọ́níà ní 1848, èrò rọ́ lọ sí San Francisco, àwọn apọntí sì wà nínú wọn. Wọ́n mú ọgbọ́n bíà lager ti ilẹ̀ Jámánì dání. Ìwúkàrà bíà yìí fẹ́ òtútù, bí ìwọ̀n 7 sí 13 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ṣùgbọ́n yìnyín ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, ẹ̀rọ amúǹkantutù kò sì tíì dé. Wọ́n da omi ọkà báálì náà sínú ọpọ́n fífẹ̀ tí kò jìn, kí ooru rẹ̀ lè tètè jáde, wọ́n sì jẹ́ kí ìwúkàrà ṣiṣẹ́ nínú ooru tí kò mọ́ ọn lára. Bíà mìíràn ni ó jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní steam beer, tí ilé ìpọntí Anchor sọ di olókìkí. Ìwúkàrà ṣí kúrò nílé, ó yí ìwà padà. Ìran rẹ̀ kò parẹ́.

Ìtàn náà kò parí àríyànjiyàn wa. Ṣùgbọ́n a gbé ọtí náà fún àwọn àlejò, wọ́n sì mu ún tán. A pín gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ sí ilé mẹ́ta, nítorí a ti rí i pé èyí tí ìyá wa fi tọrẹ nìkan ni ó kù.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá ní ìyá tó ń pọn ọtí, ẹ bi í léèrè kí ẹ tó fọ ìkòkò. Tiwa wà ní ìdí ògiri, a kò sì fọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́.