Ère Tí À Ń Wẹ̀, Àwòrán Tí À Ń Wò

Láyé àwọn ìyá wa àgbà ní Ìbàràpá, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, ilé babaláwo ni wọ́n ń gbà lọ. Bí Ifá bá ní kí wọ́n gbẹ́ ère rẹ̀, agbẹ́gilére a gbẹ́ ẹ, kì í sì í gbẹ́ ẹ bí ọmọ ọwọ́. Bí àgbà ni, tòun ti ilà ojú àti irun dídì. Ìyá a wẹ̀ ẹ́, a fi osùn pa á lára, a fi aró kùn ún lórí, a fún un ní ẹ̀wà àti epo, a sì fi ọ̀já gbà á mọ́ra. Àwọn ère kan wà tí imú àti ẹnu wọn ti parẹ́, tí ojú wọn ń dán bí òkúta odò, nítorí ọwọ́ ìyá tó ń wẹ̀ wọ́n. Lójú tèmi, ibi tó parẹ́ yẹn ló dára jù, bẹ́ẹ̀ agbẹ́gilére kọ́ ló ṣe é.

Àwọn ará Íńdíà á mọ ohun tí mò ń sọ. Wọ́n ní àwòrán òrìṣà wọn Krishna lọ́mọdé, tó ń fọwọ́ bu bọ́tà, lọ́dọ̀ Yashoda, ìyá tó wò ó dàgbà. Ní ìlú Thanjavur, orí pátákó ni wọ́n ń ya irú rẹ̀ sí, wọ́n a fi wúrà pẹlẹbẹ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Nígbà tí ayàwòrán Raja Ravi Varma dá ilé ìtẹ̀wé sílẹ̀ ní 1894, àwòrán òrìṣà di ohun tí mẹ̀kúnnù ń rà kọ́ sára ògiri. Síbẹ̀ àwòrán orí ìwé kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ère: títí dòní, àwọn ìyá ibẹ̀ ń wẹ ère Krishna kékeré, wọ́n ń wọ̀ ọ́ láṣọ, wọ́n ń bọ́ ọ, wọ́n sì ń tẹ́ ẹ sùn.

Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí fọ́tò dé, olùwádìí Stephen Sprague bá àwọn onífọ́tò ní Ìlá-Ọ̀ràngún láàárín 1970 sí 1979, tí wọ́n ń tẹ àwòrán ọmọ tó kù lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan, kó lè jókòó ti èkejì rẹ̀ tó ti lọ. Bó bá jẹ́ akọ àti abo, wọ́n a pààrọ̀ aṣọ fún ọmọ náà. Ọgbọ́n ńlá ni, àmọ́ fọ́tò ò ṣeé wẹ̀. Ọmọláńgidi oníke táwọn kan fi rọ́pò ère tiẹ̀ sàn jù ú lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí náà sọ̀rọ̀ lòdì sí ère, ó sì wọ àjà. Ká má purọ́, ìbejì kì í kú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ìyẹn sì tó ọpẹ́.

Láti 2018 ni wọ́n ti ń ṣe ọdún ìbejì ní Igbó-Ọrà, ní Ìbàràpá kan náà. Táyé àti Kẹ́hìndé a wọ aṣọ kan náà, fóònù a máa yà wọ́n lọ́tùn-ún lósì. Ó wù mí kí wọ́n gbé àga fún ìyá àgbà kan níbẹ̀, pẹ̀lú ère, omi àti osùn, kó fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é han àwọn ọmọ, káwọn náà sì bi í ní ìbéèrè.